Síìlì kékeré, gbèsè ńlá: Kí wọ́n tó sọ gíà jíìpù yín kalẹ̀, ẹ ka èyí ná o!

Bí ìnáwó bá wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ọjọ́ Jímọ̀ọ́ lẹ ti máa mọ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó, n'Íbàdàn, n'Ílọrin àti l'Ábújá á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan èjèèjì. Highlander á wọlé, RAV4 á tẹ̀lé e, 4Runner á fi eruku bo àwọn méjèèjì lójú. Jíìpù ni gbogbo ayé ń pe gbogbo wọn, bí kì í tilẹ̀ ṣe iléeṣẹ́ Jeep ló ṣe wọ́n. Bó ṣe rí ní Ìlá náà ló rí l'Ókè-Ìlá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá gbé jíìpù wálé, wọ́n á kí i káàbọ̀ tẹ̀rín-tọ̀yàyà, wọ́n á ní ọmọ àwọn ti rí ṣe.

Àmọ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé bá mọ́, ọ̀rọ̀ lè yí padà bìrí. Wọ́n á wo abẹ́ jíìpù ọ̀hún, wọ́n á rí ọ́ìlì dúdú tó ti kán sílẹ̀ mọ́jú, tó sì ti fẹ̀ tó àwo ẹ̀bà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Màmá àgbà á ní ayé ti rí ọmọ òun ni. Aládùúgbò á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ṣebí mọ́tò tòkunbọ̀ ni. Ìyàwó tó ti ń bèèrè owó iléèwé ọmọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá á kàn wojú ọkọ ẹ̀ ni, kò ní í sọ̀rọ̀. Wọ́n á pe mẹkáníìkì, ìyẹn á sùn sábẹ́ mọ́tò, á tan tọ́ọ̀ṣì, á jáde, á nu ọwọ́, á wá sọ gbólóhùn kan tó máa ń já onímọ́tò láyà: "Alàgbà, ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ló ti lọ. Gíà máa sọ̀kalẹ̀ o."

Gíà máa sọ̀kalẹ̀! Ẹni tó bá ti sanwó irú ẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Síìlì tí wọ́n ń wí yìí, rọ́bà róbótó lásán ni, ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé e. Owó tí wọ́n ń tà á kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́ tí mẹkáníìkì máa gbà kó tó lè dé ibi tó wà. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ohun méjì ló ń pa àwọn onímọ́tò lẹ́kún. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n máa ń sọ gíà kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé síìlì ẹ̀yìn kọ́ ló ń jò rárá. Ìkejì ni pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ òun ló ń jò, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, wọn ò ní í wá ohun tó bà á jẹ́. Kó tó pẹ́, ọ́ìlì á tún máa kán, owó ti lọ.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ SÍÌLÌ Ẹ̀YÌN GAN-AN?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kíráńkì. Kíráńkì ni irin gbọọrọ tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ inú ẹ́ńjìnnì. Písítìnnì ló ń tì í bí ìgbà téèyàn ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́, òun á sì máa yí. Orí rẹ̀ kan yọ síta níwájú, ibẹ̀ ni bẹ́líìtì ń bẹ. Orí kejì yọ síta lẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n de fúláwíìlì mọ́, kó lè máa gbé agbára fún gíà. Inú ẹ́ńjìnnì kún fún ọ́ìlì, irin tó ń yí yìí sì gbọ́dọ̀ gba ojú ihò jáde síta. Ohun tí wọ́n fi dí àlàfo tó wà láàárín irin àti ihò, kí ọ́ìlì má baà tẹ̀lé irin jáde, òun ni síìlì. Ti iwájú wà, ti ẹ̀yìn wà. Ti ẹ̀yìn là ń sọ yìí.

Rọ́bà náà ní ètè tín-ín-rín kan tó fara ti kíráńkì, sípíríńgì wẹ́wẹ́ kan sì wà lẹ́yìn ètè ọ̀hún tó ń fún un mọ́ irin. Bí ẹ bá ń sáré lójú títì, tí ọwọ́ tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì bá wà lórí 3,000, ó túmọ̀ sí pé kíráńkì ń yí nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Inú ooru yẹn ni ètè rọ́bà yìí wà lójoojúmọ́, ẹ̀kán ọ́ìlì kan ò sì gbọdọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ wò ó, ó ń gbìyànjú o.

Wọn ò ṣàdédé bá a bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, okùn tí wọ́n fi gíráfáìtì pa ni wọ́n ń ká sídìí kíráńkì mọ́tò, ọ́ìlì sì máa ń jò díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á sí. Láwọn ọdún 1930 ni ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Walther Simmer gbé síìlì elétè jáde níléeṣẹ́ Freudenberg, nílùú Weinheim lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ǹjẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ Freudenberg ń ṣe tẹ́lẹ̀? Awọ ni wọ́n ń ṣe! Awọ náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe ètè síìlì ọ̀hún, kí wọ́n tó bọ́ sórí rọ́bà. Títí dòní, orúkọ ọkùnrin yẹn ni àwọn ará Jámánì fi ń pe irú síìlì bẹ́ẹ̀, Simmerring ni wọ́n ń pè é.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn onímọ́tò láàmú. Nínú Highlander, RAV4, CR-V àti Lexus RX, ńṣe ni ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀ ní ìbú, kò dojú kọ iwájú bíi ti 4Runner tàbí Land Cruiser. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní síìlì ẹ̀yìn Highlander ló ń jò, ẹ má lọ máa wo ọ̀nà búútù o. Ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíà ti pàdé ni wọ́n ń wí, ẹ̀gbẹ́ ni ìyẹn sì wà.

IBI TÍ Ọ́ÌLÌ TI KÁN KỌ́ LÓ TI JÒ

Ìtàn táwọn àgbà ilẹ̀ Ìgbómìnà máa ń sọ ni pé nígbà tí Fágbàmílà Ajagunńlá, Ọ̀ràngún àkọ́kọ́, kúrò n'Ílé-Ifẹ̀, àdá kan tó ń jẹ́ Ogbó ló ń fọ̀nà hàn án. Wọ́n ní Ogbó mọ̀nà, ibẹ̀ sì ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde. Ọ́ìlì náà mọ̀nà o, àmọ́ ọ̀nà ìsàlẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ibi yòówù kó ti jáde lára ẹ́ńjìnnì, á ṣàn wálẹ̀, bí mọ́tò bá sì ń sáré, atẹ́gùn á tún máa fẹ́ ẹ káàkiri. Ibi tó sábà máa ń parí sí ni ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíà. Bí mẹkáníìkì bá sùn sábẹ́ mọ́tò, ibẹ̀ náà ló máa ti rí i tó ń kán. Bí kò bá ní sùúrù, á ti dájọ́ pé síìlì ẹ̀yìn ni.

Àwọn wo ló lè jẹ̀bi ṣáájú síìlì ẹ̀yìn? Ẹ kọ́kọ́ mú gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà tó wà lókè pátápátá. Bó bá gbó, á le bí eegun, ọ́ìlì á gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ṣàn wálẹ̀ láìsẹ́ni tó rí i. Ẹ tún mú súìṣì tó ń tan iná ọ́ìlì ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ mú fílítà ọ́ìlì tí wọn ò dè dáadáa, ẹ mú gásíkẹ́ẹ̀tì sọ́ńpù. Síìlì iwájú gíà náà ń bẹ níbẹ̀, ibì kan náà lòun àti síìlì ẹ̀yìn ti ń kán. Ẹni tó bá ní Jeep Cherokee tàbí Grand Cherokee àtijọ́ tó ń lo ẹ́ńjìnnì onílítà 4.0, kó mọ̀ pé gásíkẹ́ẹ̀tì òkè àti rọ́bà ìdí fílítà ọ́ìlì lára mọ́tò yẹn lókìkí bí ẹni ń parọ́ mọ́ síìlì ẹ̀yìn.

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ òdodo? Kò le. Ẹ fi bébà funfun gba ọ́ìlì tó ń kán. Bó bá pupa, ọ́ìlì gíà ni, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Bó bá dúdú tàbí tó rí bíi tíì, tó jọ èyí tó wà lẹ́nu géèjì ẹ́ńjìnnì, ti ẹ́ńjìnnì ni. Ọ́ìlì gíà tó ti pẹ́ gan-an náà lè dúdú, nítorí náà ẹ fi wé ti inú géèjì méjèèjì kí ẹ tó fẹnu sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí mẹkáníìkì fọ gbogbo ara ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó gbẹ dáadáa. Kí wọ́n wá bu pàúdà, èyí tí wọ́n ń fi pa ọmọ ọwọ́ lára gẹ́lẹ́, kí wọ́n fọ́n ọn sí gbogbo ibi tí wọ́n fura sí. Ẹ wa mọ́tò lọ sí bíi Ìkirun, kí ẹ padà. Bí ẹ bá dé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ́ìlì á ti fa ìlà gba inú pàúdà funfun yẹn kọjá, ẹ máa tẹ̀lé e láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibi tó ga jù tí ẹ bá ti rí omi ọ́ìlì ni olè wà. Bí òkè bá gbẹ furúfurú, tí ẹ̀gbẹ́ gbẹ, tó jẹ́ ojú àlàfo ibi tí fúláwíìlì wà nìkan ló tutù, nígbà náà lẹ lè pe síìlì ẹ̀yìn lẹ́jọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Pàúdà tí kò tó nǹkan lè gba owó ńlá lọ́wọ́ yín.

KÍ LÓ BA SÍÌLÌ JẸ́?

Àwọn kan wà tó jẹ́ ọjọ́ orí ni. Rọ́bà ni, á gbó, á le, kò ní í lè fara ti irin mọ́. Mọ́tò tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù náà wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ní jíìpù tí wọ́n gbé sílé ní Ìlá tó jẹ́ pé ìgbà ọdún nìkan ni wọ́n ń tan iná sí i. Ètè síìlì ń fẹ́ ọ́ìlì kó má baà gbẹ, bí mọ́tò bá ń dúró sójú kan lọ títí, ètè á gbẹ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e jáde.

Àmọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ atẹ́gùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, èéfín àti atẹ́gùn díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì bọ́ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV ló máa ń jẹ́ kí wọ́n fa atẹ́gùn yẹn padà sókè lọ jó. Bí PCV bá dí, atẹ́gùn ò ríbi gbà mọ́, ikùn ẹ́ńjìnnì á wú, á wá máa ti ọ́ìlì síta níbi tó bá ti rọ̀ jù. Ẹ lè fi síìlì tuntun mẹ́ta síbẹ̀, bí PCV bá dí, ẹ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dán an wò rèé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí mẹkáníìkì ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ihò náà, kó ṣọ́ra kí ọ́ìlì má ta sí i lójú. Bí bébà bá lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, ó dáa. Bí atẹ́gùn bá ń gbé e dànù, ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀: yálà PCV ti dí, tàbí kí ríǹgì písítìnnì ti jẹ. Bó bá jẹ́ ti ríǹgì, síìlì nìkan ò lè yanjú ẹ̀.

Ọ́ìlì tó dì bí ọ̀dà nínú ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tó ń dí ọ̀nà atẹ́gùn yìí. Ọ̀rọ̀ náà ò kan ilẹ̀ wa nìkan. Lọ́dún 2002, iléeṣẹ́ Toyota l'Ámẹ́ríkà kéde ètò láti tún ẹ́ńjìnnì ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ní irú àwọn mọ́tò kan tí wọ́n kà sí ti ọdún 1997 sí 2002, nítorí pé ọ́ìlì ń dì nínú ẹ́ńjìnnì wọn. V6 onílítà 3.0 wà lára ẹ̀, òun ló sì wà nínú Highlander V6 tó kọ́kọ́ jáde. Irú àwọn mọ́tò yẹn ló padà di tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń gun irú ẹ̀, kó má fi pípààrọ̀ ọ́ìlì falẹ̀ rárá.

BÓ ṢE MÁA Ń RÍ LỌ́DỌ̀ MẸKÁNÍÌKÌ

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mẹkáníìkì kì í ṣe olè. Kò sí jáàkì ńlá, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé mọ́tò sókè, oníbàárà ń kanjú, ó fẹ́ padà s'Ékòó lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àmọ́ onímọ́tò tí kò bá bèèrè ọ̀rọ̀, òun náà ló fa ti ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ kó rí láàárín àwọn méjèèjì rèé:

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní síìlì ẹ̀yìn ni. Ṣé ẹ ti fọ ẹ́ńjìnnì wò?"

"Alàgbà, mo ti rí i. Ibẹ̀ náà ló ti ń kán."

"Mo gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ̀ ọ́ ná, màá san owó ìyẹn. Ẹ wo tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ẹ wo súìṣì ọ́ìlì, ẹ yẹ PCV wò. Bó bá jẹ́ síìlì náà ni, màá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí gíà bá máa sọ̀kalẹ̀."

"Kò burú, Alàgbà. Àmọ́ bó bá sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ síìlì gíà náà, torí owó iṣẹ́ kan náà ni."

Ọ̀rọ̀ tí mẹkáníìkì yẹn sọ gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Bí gíà bá ti wà nílẹ̀, síìlì iwájú gíà, ẹ́ńjìnnì síìtì tó ti ya, àti bí mọ́tò bá jẹ́ alájàgbà, kílọ́ọ̀ṣì àti bíárìn rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tó bá fi síìlì gíà sílẹ̀ torí owó kékeré, tí ìyẹn bá wá jò lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo owó iṣẹ́ yẹn ló máa tún san.

IṢẸ́ NÁÀ GAN-AN

Iṣẹ́ ọjọ́ kan sí méjì ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ bátìrì. Wọ́n á gbé mọ́tò sókè lórí irin tó dúró ṣinṣin. Ẹ jọ̀ọ́, jáàkì nìkan ò tó, búlọ́ọ̀kù sì lè fọ́ nígbàkigbà. Ẹ̀mí èèyàn ló wà lábẹ́ mọ́tò yẹn.

Lára 4Runner, wọ́n á yọ pùròpẹ́là, salẹ́ńsà àti kíkì-sítátà. Lára Highlander, ṣáàfù méjèèjì ni wọ́n á yọ, irin ńlá tó gbé ẹ́ńjìnnì sì máa sọ̀kalẹ̀, wọ́n á wá fi nǹkan gbá ẹ́ńjìnnì mú látòkè. Wọ́n á tú bóòtù tó so kọnfátà gíà mọ́ fúláwíìlì, gíà á wá wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n á sàmì sí fúláwíìlì kí wọ́n tó tú u, kó lè padà síbi tó wà. Nígbà náà lẹ tó máa rí síìlì ọ̀hún lójú kòrókòró.

Ibí yìí ni ẹ ti máa fi ojú yín rí òótọ́. Bí ìdí síìlì bá tutù fún ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ pé wọn ò parọ́. Bó bá gbẹ, ẹ ní kí wọ́n dúró ná, ibòmíràn ló ti ń jò.

Yíyọ síìlì náà gba sùúrù. Bí ẹnu sukurudíráfà bá fi lè ha kíráńkì lára, síìlì tuntun ò ní í dí ibẹ̀ láéláé. Kí wọ́n fi ìka ra ojú irin tí ètè àtijọ́ ti ń fara ti. Bó bá ti gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, ètè tuntun tí wọ́n bá gbé sójú kòtò náà máa jò. Wọ́n lè tì í sí ibòmíràn díẹ̀, kí ètè má bọ́ sójú kòtò yẹn, bí àyè bá wà. Àwọn kan máa ń fi páìpù irin tín-ín-rín tí wọ́n ṣe fún un wọ irin náà bí aṣọ.

Síìlì rọ́bà, wọ́n á fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ètè rẹ̀ kí wọ́n tó tì í wọlé. Èyí tí wọ́n fi Tẹ́fúlọ́ọ̀nù ṣe ń fẹ́ kí ó gbẹ, wọn kì í fi ọ́ìlì pa á rárá, nítorí náà kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Kí wọ́n fi ohun róbótó tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu tì í wọlé dọ́gba-n-dọ́gba. Ẹni tó bá fi háámà gbá ẹ̀gbẹ́ kan ṣáájú èkejì ti bà á jẹ́ kí mọ́tò tó kúrò níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi pa ìta síìlì kì í ṣe iṣẹ́, ìpara ojú ni.

Ohun tó léwu jù wà nígbà tí wọ́n bá ń gbé gíà padà. Kọnfátà gbọ́dọ̀ wọlé dé ìdí kí wọ́n tó fi bóòtù fa gíà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá wọlé tán, tí wọ́n fi ipá de e, ọ́ìlì pọ́m̀pù inú gíà á fọ́. Síìlì tí ò tó nǹkan á wá di gíà tuntun. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Ṣé kọnfátà ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ẹ tó de bóòtù?" Ìbéèrè yẹn nìkan á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Jeep onílítà 4.0 tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, orí yín ṣe rere. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là síìlì ẹ̀yìn tiyín sí. Wọ́n lè sọ sọ́ńpù kalẹ̀, kí wọ́n ṣí ìdérí bíárìn tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n yọ ààbọ̀ síìlì tòkè àti tìsàlẹ̀, kí wọ́n fi tuntun sí i, gíà ò ní í kúrò láyè rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní gíà máa sọ̀kalẹ̀ nítorí síìlì ẹ̀yìn lára ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹ ní kó ṣàlàyé ìdí ẹ̀.

ṢÉ Ó PỌN DANDAN KÍ Ẹ ṢE É LÓNÌÍ?

Kì í ṣe gbogbo jíjò ló ń sáré pani. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Nǹkan bí ẹ̀kán 20 ló ń di mílílítà kan. Bí ẹ̀kán kan bá ń bọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mílílítà 18 ni wákàtí kan. Ìyẹn ò tó kí èèyàn sunkún, ẹni tó bá ń yọ géèjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè rọra máa fi kún un títí tówó á fi wà. Àmọ́ bó bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, mílílítà 180 ni wákàtí kan. Bí ẹ bá fi máa rìn tó wákàtí márùn-ún ààbọ̀, nǹkan bíi lítà kan ti lọ. V6 onílítà 3.3 tó wà nínú Highlander ọdún 2004 sí 2007, nǹkan bíi lítà 4.7 péré ló ń gbà. Ẹ ń kó ìdá márùn-ún rẹ̀ dà sójú títì nìyẹn.

Ohun mẹ́ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ di kíákíá. Bí ọ́ìlì bá ń kán sórí salẹ́ńsà gbígbóná, tí èéfín ń rú, iná lè sọ. Bí mọ́tò bá jẹ́ alájàgbà, ọ́ìlì á dé ara kílọ́ọ̀ṣì, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, ẹ ò ní í lè gun òkè. Ẹ sì mọ̀ pé òkè ò wọ́n l'Ókè-Ìlá. Ẹ̀kẹta ni pé bí iná ọ́ìlì bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ o! Ẹ má ní ẹ kàn fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ́ńjìnnì tó bá nọ́ọ̀kì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ síìlì.

Ọ̀rọ̀ àwọn oògùn inú ike tí wọ́n ní kí ẹ dà sínú ọ́ìlì kó lè dáwọ́ jíjò dúró ńkọ́? Ńṣe ló ń mú kí rọ́bà wú díẹ̀. Bí síìlì bá kàn le, ó lè dín in kù fún ìgbà díẹ̀. Bí ètè bá ti ya tàbí tí irin ti gbẹ́ kòtò, owó òfo ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sáré da ọ́ìlì 20W-50 tó ki sínú ẹ́ńjìnnì tí ìwé rẹ̀ ní 5W-30 ni kí wọ́n lò. Jíjò lè dín kù, àmọ́ ọ́ìlì tó ki jù kì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì ní àárọ̀ kùtù.

Ẹ̀YIN OLÓWÓ OṢÙ, Ẹ GBỌ́

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lóṣù tó tẹ̀lé e, gbogbo wa la mọ bí sípéà páàtì ṣe gbówó lórí. Ìgbà yìí kọ́ ló yẹ kéèyàn máa sanwó iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá máa ra síìlì ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Íbàdàn, kó mú nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì dání, kó sì fi tuntun wé àtijọ́: fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta àti nínípọn rẹ̀. Ẹ má ra síìlì tòkunbọ̀ láéláé, bó ti wù kó dán tó. Ètè tó ti bá kíráńkì ẹlòmíì ṣiṣẹ́ rí ò ní í gbọ́ ti kíráńkì yín. Èyí tó pọ́n ju ti àwọn yòókù lọ náà, ẹ fi ojú ṣọ́ ọ.

Ẹ bá mẹkáníìkì dúnàá-dúrà kí sípánà tó kan bóòtù àkọ́kọ́: iye owó iṣẹ́, ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹni tó máa ra ọ́ìlì gíà tó bá dànù, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá tún jò láàárín oṣù kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Mẹkáníìkì rere ò ní í bínú sí ìyẹn, òun náà ló ń gbà kúrò lọ́wọ́ ẹjọ́. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yín dáadáa, ẹ sanwó ẹ̀ pé, kí ẹ má fi àwọn ọmọ iṣẹ́ tó sùn sábẹ́ mọ́tò sílẹ̀ láìfún wọn ní nǹkan kan.

Bí wọ́n bá ti gbé jíìpù lé yín lọ́wọ́, ẹ má tíì gbé e gba Èkó lọ. Ẹ wà á yípo ìlú, ẹ dá a dúró mọ́jú lórí páálí funfun, kí ẹ yọ géèjì wò láàárọ̀. Bí páálí bá mọ́, tí ọ́ìlì sì dúró síbi tó wà, ẹ lè máa lọ, kí Ọlọ́run mú yín débẹ̀ láyọ̀. Bí ẹ bá sì rí ẹ̀kán kan ṣoṣo, ẹ padà lọ bá wọn lọ́jọ́ náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù, tí ọwọ́ mẹkáníìkì ò sì tíì kúrò lára iṣẹ́.